Ṣé Nintendo lè mọ̀ bí mo bá ti kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú bọ Switch 2 mi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé géèmù kékeré kan ni mo ní ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn ọmọ OOU ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. PS4 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní Kérésì tó kọjá, mo ra Switch 2, ẹ̀rọ géèmù tuntun ti Nintendo, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti London wálé. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó géèmù rẹ̀ ga jù fún mi. Ọ̀gbẹ́ni kan wá ń fi kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀ lọ̀ mí, ó ní gbogbo géèmù tí mo bá fẹ́ lòun máa kó sí i. Ó ní Nintendo ò lè mọ̀, pé bí mi ò bá ṣáà ti jẹ́ kí ẹ̀rọ rí nẹ́ẹ̀tì, kò séwu. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní wọ́n máa ń ti Switch pa láti ọ̀nà jíjìn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń mọ̀?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má ti nǹkan yẹn bọ Switch 2 rẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ ló sòótọ́. Ẹni tó ń tajà fún ọ náà ò fi gbogbo ara purọ́: ohun tó sọ rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọgbọ́n àtijọ́ ló ń tà pọ̀ mọ́ ọjà tuntun.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sì ti kọjá lọ́wọ́ mi. MIG Switch lorúkọ èyí tó gbòde láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Bí o bá wò ó láti òkèèrè, káàdì Switch gidi ni wàá pè é. Mú un sún mọ́ ojú, wàá rí ihò tóóró kan létí rẹ̀ tí mẹ́mórì káàdì kékeré, irú ti inú fóònù, ń gbà wọlé. Ní inú ẹ̀rọ, géèmù kan ṣoṣo ló máa ń ṣe bíi pé òun jẹ́. Bí o bá fẹ́ òmíràn, wàá fà á yọ, wàá tún tì í padà, ẹ̀rọ á rò pé o ti pààrọ̀ káàdì. Ojúlówó káàdì Nintendo ò ní ihò kankan létí. Wọ́n tún fi oògùn kíkorò kan pa á lára nítorí àwọn ọmọdé tí gbogbo nǹkan ń lọ sẹ́nu wọn. Má wulẹ̀ tọ́ ọ wò o. Ọmọ iṣẹ́ mi tọ́ ọ wò, ojú ẹ̀ ò ṣe é wò.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ ni ọlọ́jà rẹ dúró sí. Kásẹ́ẹ̀tì tí àwa fi dàgbà, èyí tí wọ́n kọ «9999 in 1» sí lára (géèmù bíi mélòó kan tí wọ́n ń tún orúkọ rẹ̀ pè títí tí ojú fi ń rẹni), ẹ̀rọ tó ń gbá a ò mọ ẹnikẹ́ni. Kò ní nẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Game Boy tí Nintendo gbé jáde ní 1989 gbìyànjú díẹ̀: bí o bá tàn án, á wo inú kásẹ́ẹ̀tì bóyá àmì Nintendo wà níbẹ̀, á fi wé èyí tó wà nínú òun fúnra rẹ̀. Bí méjèèjì ò bá bára mu, kò ní gbéra. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá lè ka kásẹ́ẹ̀tì lè da àmì náà kọ.

Nígbà tí Nintendo DS dé ní 2004, kò pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì R4 fi tẹ̀ lé e. R4 yìí ni bàbá ohun tí wọ́n ń fi lọ̀ ọ́. Ìgbà tí DSi jáde ní 2008 ni Nintendo tó rọ́nà ṣe é, torí ẹ̀rọ yẹn lè gba update láti orí nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn káàdì tí wọ́n mọ̀ sínú rẹ̀. Káàdì tó bá wọlé, ẹ̀rọ á yẹ orúkọ rẹ̀ àti apá kan nínú ẹrù rẹ̀ wò, bóyá ó bá àkọsílẹ̀ mu. Àwọn tó ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú wá lọ mú géèmù gidi kan, wọ́n ní àwọn ni òun. Ẹ̀rọ á wò ó, á ní kó máa wọlé. Nintendo á tún fi update mìíràn ránṣẹ́, bíi 1.4 ní 2009, ti òní á kú. Tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, ayédèrú ti yí orúkọ padà. Ilé ẹjọ́ ní Tokyo fòfin de títa R4 ní oṣù kejì 2009, ti London ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2010, síbẹ̀ ọjà ò tú.

Àwọn tó ń ṣe géèmù náà ò káwọ́ gbera. Nínú géèmù DS tí wọ́n ń pè ní Pokémon Black àti White, bó bá jẹ́ àdàkọ lo fi ń gbá a, ẹranko rẹ á jà, á borí, kò sì ní rí àmì ìdàgbàsókè kankan gbà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni géèmù ijó Michael Jackson ti DS: bí o bá fi ayédèrú gbá a, ariwo vuvuzela ló máa bo orin mọ́lẹ̀. 2010 ni, ọdún tí wọ́n gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní South Africa. Ẹni tó ronú kan ìyẹn mọ bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ olè láì lù ú.

Gbogbo ìyẹn, inú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ ni ìjà náà wà. Bó o bá kọ̀ láti gba update, o ti bọ́. Ohun tí ọlọ́jà rẹ mọ̀ parí síbẹ̀.

Switch tó jáde ní oṣù kẹta 2017 yí eré náà padà. Gbogbo káàdì géèmù Switch ló ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ nínú, Nintendo sì ti fi òǹtẹ̀ lù ú láti ilé iṣẹ́. Kì í ṣe pé géèmù kan ní ìwé ẹ̀rí kan o. Bí wọ́n bá ṣe mílíọ̀nù káàdì Mario Kart, mílíọ̀nù ìwé ẹ̀rí ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà ní ti ẹ̀. Nígbà tó o bá fẹ́ fi géèmù náà lọ sórí nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á fi ìwé ẹ̀rí káàdì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Nintendo. Wọ́n á wo òǹtẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á wo bóyá géèmù tó ń gbá ni wọ́n fún káàdì yẹn.

Kò sẹ́ni tó lè ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ yẹn. Ohun tí kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú lè ṣe ò ju kó gbé ìwé ẹ̀rí káàdì gidi kan, tí ẹnì kan rà níbì kan, kó sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mọ́tò méjì lè ru nọ́ńbà kan náà, kí ọ̀kan máa ná Ìperu kí èkejì máa ná Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ẹnikẹ́ni má fura. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé ibi àyẹ̀wò kan náà ni àṣírí tú. Nintendo ni ibi àyẹ̀wò yẹn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó bá wọ nẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Géèmù tí ọ̀gbẹ́ni yẹn máa kó sí mẹ́mórì fún ọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wà á. Ìwé ẹ̀rí kan náà tó wà nínú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Brazil, ní Sípéènì, níbi gbogbo. O ò tíì tì í bọnú ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń wá a.

Switch 2 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2025. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn tó ti MIG bọ̀ ọ́ ti ń rí error 2124-4508 lójú ẹ̀rọ wọn, àmì pé Nintendo ti fòfin de ẹ̀rọ náà. Àwọn kan láàárín wọn ní géèmù táwọn fowó ara àwọn rà làwọn dà kọ síbẹ̀. Ìyẹn ò gbà wọ́n. Ká má purọ́, wọ́n ti kìlọ̀: ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Nintendo tún àdéhùn oníbàárà wọn ní Amẹ́ríkà kọ, wọ́n ní ẹni tó bá rú u, àwọn lè sọ ẹ̀rọ rẹ̀ di aláìwúlò títí láé, lódindi tàbí lápá kan.

Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fòfin dè ò kú o. Á tàn, á gbá káàdì tí géèmù wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n eShop, ọjà orí nẹ́ẹ̀tì tí Nintendo ti ń ta géèmù, ò ní ṣí fún un, kò sì ní lè bá ará ìta gbá. Orí ẹ̀rọ ni òfin yẹn wà, kì í ṣe orí àkáǹtì, nítorí náà bó o bá pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ tó o sì fi orúkọ mìíràn wọlé, ibi tó wà náà ló máa wà.

Ní ti «má jẹ́ kó rí nẹ́ẹ̀tì», ó ṣeé ṣe lórí Switch àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá ní sùúrù. Lórí Switch 2, mi ò rí bó o ṣe fẹ́ ṣe é. Ó ní láti gba update kan láti orí nẹ́ẹ̀tì kó tó lè gbá káàdì Switch àtijọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ káàdì Switch 2 tí wọ́n ń tà báyìí ni kò sì ní géèmù nínú, kọ́kọ́rọ́ lásán ló wà níbẹ̀, o ní láti wa géèmù gan-an láti ọ̀dọ̀ Nintendo. Irú káàdì bẹ́ẹ̀, bó bá bọ́ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fòfin dè, ike lásán ni. Ẹ̀rọ yìí tún máa ń kọ ohun tí wọ́n gbá sílẹ̀, á sì fi jíṣẹ́ bó bá padà rí nẹ́ẹ̀tì. Nílé géèmù, pẹ̀lú ọmọ yunifásítì tí hotspot fóònù rẹ̀ ò ní gbà kó kú, ta ló fẹ́ máa ṣọ́ ọ?

Wá gbọ́ èyí tó kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n: ẹ̀rọ tó o rà yẹn. Ní àsìkò Ojúde Ọba àti Kérésì, táwọn ará wa ń ti òkè òkun wálé, tokunbo máa ń pọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ẹni tí wọ́n sì ti fòfin de ẹ̀rọ rẹ̀ ò ní kọ ọ́ sí páálí. O ní ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ṣíṣiṣẹ́ láìsí nẹ́ẹ̀tì ò fi nǹkan kan hàn. Lónìí, so ó mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ṣí eShop, kó o gbìyànjú láti wa nǹkan ọ̀fẹ́ kan wálẹ̀. Bó bá ṣí, o ríre. Bí 2124-4508 bá yọ, pe ẹni tó tà á fún ọ kó tó padà sí London. Ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn, kó ṣe àyẹ̀wò yìí lójú ẹni tó ń tà á, kó tó sanwó.

Káàdì tokunbo náà nílò ìṣọ́ra. Ẹnì kan lè da káàdì rẹ̀ kọ, kó máa lo àdàkọ nílé, kó wá ta ojúlówó fún ọ. Ìwé ẹ̀rí kan náà á wá wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní 2025: oníbàárà kan ra káàdì Switch àtijọ́ tokunbo, ó tì í bọ Switch 2, wọ́n fòfin dè é. Nígbà tó kọ̀wé sí Nintendo, tó sì fi fọ́tò káàdì àti ẹ̀rí ibi tó ti rà á ránṣẹ́, wọ́n ṣí i fún un. Nítorí náà, má pa chat tí ìwọ àti ọlọ́jà fi ná an rẹ́, má sì ju ìwé owó nù. Níbi tí wọn ò bá ti fún ọ ní ìwé owó, ya fọ́tò káàdì níwájú àti lẹ́yìn kó o tó kúrò níbẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa náà wà níbẹ̀. Copyright Act 2022 ka jíjá ààbò orí irú nǹkan báyìí léèwọ̀, ilé géèmù tó ń fi àdàkọ gbowó ò sì lè sọ pé òun ń gbá a fún ìgbádùn ara òun.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti owó, géèmù púpọ̀ kọ́ ló ń mú owó wọlé nílé géèmù. Ra Mario Kart World kan, ojúlówó, kó o wá páàdì tó pọ̀. Èèyàn mẹ́rin á jókòó sídìí ẹ̀rọ kan, mẹ́rin á sì san owó. Jẹ́ kí PS4 máa gbé bọ́ọ̀lù lọ bó ṣe ń gbé e lọ. Bó bá sì jẹ́ géèmù àtijọ́ lò ń wá fún ìgbádùn, kásẹ́ẹ̀tì alápòpọ̀ bíi EverDrive wà fún àwọn ẹ̀rọ ayé ìgbà náà, tí kò ní nẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi tì í pa. Ohun tó o bá kó sínú rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin o.

Wọ́n á wá bá ọ, bó bá ti bọ́ sí i, pé àwọn lè bá ọ «ṣí» Switch tí wọ́n ti fòfin dè. Má san kọ́bọ̀. Ọ̀dọ̀ Nintendo ni àkọsílẹ̀ yẹn wà, àwa tá a ń tú ẹ̀rọ ò lè fi irin tá a fi ń lẹ wáyà pọ̀ yọ ọ́. Bó o bá ní ẹ̀rí pé ojúlówó lo rà, àwọn ni kó o kọ̀wé sí.