Ẹ Bi Wá Lórí Iná Oòrùn: Ebi Ló Ń Pa Bátìrì

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ni lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ sólà, ẹ̀dùn ọkàn kan náà ni ó sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: bátìrì tí a fi owó ńlá rà kò lo ọdún méjì kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà ni a mú lónìí. Èyí àkọ́kọ́ ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, àdúgbò Mọ̀ọ̀rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Nínú owó àjẹmọ́nú mi ni mo ti ra bátìrì oníomi méjì tí wọ́n kọ 12 fóòtì àti 200 áńpíà-wákàtí (Ah) sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pẹ̀lú ínfátà kan, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí ilé ń lò, àti páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250 wáàtì. Fáànù méjì, gílóòbù mẹ́fà, tẹlifíṣọ̀n kan àti fìríìjì kékeré kan ni a ń lò. Ní ọdún kìíní, iná wa kì í kú títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Láti ìgbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wa ti ń ṣe ségesège, tí iná ọba kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù ni ínfátà ti ń ké. Ẹni tó bá wa ṣe é ní ayédèrú ni bátìrì náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ó ṣeé ṣe kí bátìrì jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe to ìlò ilé yín sílẹ̀ fún wa yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, kò lè pẹ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Yúnítì tí ẹ ń rà sínú mítà náà ni kí a fi wọ̀n ọ́n: ohun tó ń lo 1000 wáàtì, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó ti jẹ yúnítì kan.

Fáànù orí àjà kan máa ń lo nǹkan bí 70 wáàtì. Méjì rẹ̀, láti aago méje alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀, yóò jẹ yúnítì kan àbọ̀. Fìríìjì kékeré, nítorí pé ó ń sinmi, ó sì ń ṣiṣẹ́, yóò jẹ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta yúnítì láàárín àkókò yẹn. Tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ lápapọ̀. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnítì mẹ́ta, ínfátà fúnra rẹ̀ a sì tún bù jẹ níbẹ̀, tí ohun tó ń jáde láti inú bátìrì yóò fi tó 3.3. Bátìrì yín méjèèjì, bí wọ́n bá kún dẹ́múdẹ́mú, yúnítì 4.8 ni wọ́n gbà (12 lọ́nà 200 jẹ́ 2400 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan). Bátìrì oníomi bíi tiyín, tí òjé àti ásíìdì wà nínú rẹ̀, irú èyí tí Gaston Planté ará Faransé kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1859, kò fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì kí a tó tún un kún. Ẹ̀yin ń lo ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ lálaalẹ́.

Síbẹ̀, lílò kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì yín jẹ́ 1000 wáàtì. Bí a bá kó gbogbo oòrùn ọjọ́ kan jọ, tí a yọ ti òwúrọ̀ tó ṣì ń tutù àti ti ìrọ̀lẹ́ tó ti rọ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin oòrùn gangan ni ó máa ń tó ní agbègbè wa. Yúnítì mẹ́rin nìyẹn lórí ìwé. Ooru, eruku àti wáyà yóò gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, fìríìjì àti fáànù ọ̀sán yóò sì tún mú tiwọn, tí èyí tó dé ọ̀dọ̀ bátìrì kò fi ní í ju yúnítì méjì àti díẹ̀ lọ. Nínú ìyẹn náà, ìdá kan nínú márùn-ún a máa ṣòfò nínú bátìrì oníomi. Nítorí náà, ẹ ń bu 3.3 lálaalẹ́, ẹ sì ń dá ohun tí kò tó méjì padà lójoojúmọ́. Ní ọdún kìíní, iná ọba ni ó ń bá yín dí àlàfo náà, ẹ kò kàn mọ̀ ni. Nígbà tí iná ọba dáwọ́ dúró, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa bátìrì.

Mo lo ọ̀rọ̀ náà, ebi, nítorí pé òun gan-an ni. Bí bátìrì oníomi bá ti ń ṣiṣẹ́ ni nǹkan funfun kan máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn àwo òjé inú rẹ̀. Bí a bá tètè ṣáàjì rẹ̀ kí ó kún, funfun náà yóò yọ́ padà sínú ásíìdì. Bí ó bá ń wà láìkún fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, yóò gan, yóò le mọ́ ara òjé bí èépá, ibi tí ó bá sì le sí kò ní í gba iná mọ́ láéláé. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi nínú bátìrì ilé tèmi. Mo yí ìdérí rẹ̀ kúrò, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, omi ti lọ sílẹ̀ débi pé orí àwọn àwo náà yọ síta, wọ́n funfun bí ògiri tí a fi ẹfun kùn. Owó oṣù mi mẹ́ta ni mo fi rà á, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ irú owó bẹ́ẹ̀ nù.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn bátìrì náà lọ sí ibi tí iná wà, kí wọ́n ṣáàjì wọn fún ọjọ́ kan gbáko, kí wọ́n sì sinmi fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìso ohunkóhun mọ́ wọn. Èyí tó bá kún dáadáa yóò fi nǹkan bí 12.7 fóòtì hàn lórí mítà ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ìdajì ni. Bí ó bá sì fi 12.7 hàn, ṣùgbọ́n tí ó jábọ́ sí 11 kété tí ẹ tan fáànù kan ṣoṣo, òjé inú rẹ̀ ti gan.

Lẹ́yìn náà, ẹ dín ìlò kù kí ẹ tó fi bátìrì kún bátìrì. Fáànù tó ń lo iná bátìrì tààrà wà lọ́jà, èyí tí kò lò ju 30 wáàtì lọ. Méjì rẹ̀ yóò sọ yúnítì kan àbọ̀ alẹ́ di ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ pa fìríìjì bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ má sì ṣí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹran, ẹja tàbí ọbẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́jú, nítorí òtútù fìríìjì tí a pa kì í pẹ́ ju nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹ fi páńẹ́ẹ̀lì méjì kún mẹ́rin. Bí iná ọba bá sì wá, ẹ jẹ́ kí ó ṣáàjì bátìrì. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó yúnítì àwọn oníìsọ̀rí A (Band A), ìyẹn àwọn tí iná ọba wọn pọ̀ jù lójúmọ́, lọ sí 225 náírà nígbà náà, mo mọ àwọn tó pa ojú ibi tí iná ọba ń gbà wọ bátìrì wọn nítorí kí mítà má baà sáré. Yúnítì mẹ́ta ní iye yẹn jẹ́ 675 náírà. Ẹ fi wé owó bátìrì kan.

Bí ó bá di dandan kí ẹ ra tuntun, tí owó sì wà, èmi kò ní í ra oníomi mọ́. Bátìrì lítíọ̀mù, tí àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lé ìpìlẹ̀ rẹ̀ lórí gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019, ni kí ẹ rà, irú èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́síféètì pò. Ẹ lè lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìbẹ̀rù, àìkún kì í pa á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni a sì lè lò ó kí a tún un kún. Kí oníṣẹ́ yín kàn rí i pé ínfátà yín ní ojú ibi tí a ti ń tò ó fún lítíọ̀mù, nítorí ṣáàjì tí bátìrì oníomi ń fẹ́ yàtọ̀ sí tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Omi tútù àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni mo ń tà ní Lágéré. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹ́tiróò ti dópin ni jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ èrè mi. Ṣé sólà lè gbé fíríísà?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ó lè gbé e, ọ̀sán sì ni kí ẹ fi ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Fíríísà 150 wáàtì yóò jẹ nǹkan bí yúnítì méjì láàárín ọjọ́ kan àti òru rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo ìyẹn sínú bátìrì yóò ná owó tí ọjà omi tútù kò lè dá padà bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn gbé fíríísà tààrà láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì to ìgò omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n di yìnyín. Yìnyín yẹn ni bátìrì yín. Lítà omi 10 tó ti dì gan-an, ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnítì kan ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kí ó tó yọ́ tán, ìyẹn ni pé fíríísà tí ìdérí rẹ̀ ń pa dé dáadáa yóò tutù di ọjọ́ kejì láìsí iná. Ẹ fi ọwọ́ kan rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ìdérí náà. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá ń fẹ́ síta níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rọ́bà kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ohun kan tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: ìgbà tí fíríísà bá ń gbéra, agbára tó ń fà máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún èyí tí wọ́n kọ sí i lára. Ínfátà kékeré yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ra èyí tí iná rẹ̀ ń lọ bíi ti iná ọba gan-an, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní pure sine wave, nítorí èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀rọ fíríísà gbóná, kí ó sì máa kùn.

ÌBÉÈRÈ: Ìlódè ni ilé wa wà. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni páànù rẹ̀ kọjú sí, igi obì kan sì wà lẹ́yìn ilé tí bàbá mi gbìn. Oníṣẹ́ kan ní àfi kí a gé igi náà. Ṣé dandan ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gé e. Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.5 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, ìdí nìyẹn tí oòrùn ọ̀sán fi máa ń yẹ̀ sí gúúsù wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, tí ó sì ń yẹ̀ sí àríwá láti oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Gúúsù ni ó dára jù kí páńẹ́ẹ̀lì kọjú sí. Ẹ dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọwọ́ ọ̀tún yín ni gúúsù. Ṣùgbọ́n nítorí pé oòrùn wa máa ń sún mọ́ àtàrí, òrùlé tí kò ga jù tó kọjú sí ìlà tàbí ìwọ̀ oòrùn kò pàdánù púpọ̀. Kí ó ṣáà dà díẹ̀, kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Òjìji ni kí ẹ bẹ̀rù. Àwọn ẹyọ inú páńẹ́ẹ̀lì so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn kan. Bí ẹ̀ka igi bá bo díẹ̀ lára wọn, iná tó ń gba ọ̀dọ̀ àwọn yòókù kọjá yóò dínkù. Ẹ dúró sí àgbàlá ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ní ọ̀sán gangan àti ní aago mẹ́ta, kí ẹ wo ibi tí òjìji igi obì náà dé lórí páànù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé nìkan ni ó ń bò, iwájú ni kí páńẹ́ẹ̀lì wà, kí igi bàbá yín sì dúró. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun àjà pẹ̀lú, nítorí páńẹ́ẹ̀lì ńlá kan wúwo tó 20 kílò, igi òrùlé tí ikán ti jẹ kò lè gbé mẹ́fà.

Ẹ mú tẹ́ẹ̀pù dání lọ sọ́jà. Páńẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì tòótọ́ máa ń tó nǹkan bíi mítà 1.7 ní gígùn àti 1.1 ní fífẹ̀. Èyí tó bá kéré gan-an sí ìyẹn tí wọ́n kọ 400 sí lẹ́yìn, irọ́ ni ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ń pa.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, yàrá kan ni mo gbà síta. Ṣé mo lè gbé bátìrì oníomi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọmọ wa. Bí bátìrì oníomi bá ń ṣáàjì, afẹ́fẹ́ háídírójìn ló ń yọ jáde láti inú rẹ̀, iná ìṣáná kékeré kan sì ti tó láti mú un bú gbàù nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìn fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lórí pákó, kí òjò má sì dé ibẹ̀. Fi fíúsì sí ẹ̀bá orí bátìrì gan-an.

Wo wáyà rẹ náà dáadáa. Ínfátà tó ń gbé 1000 wáàtì láti orí bátìrì 12 fóòtì kan ṣoṣo ń fa ohun tó lé ní 83 áńpíà. Lórí 24 fóòtì, ó di nǹkan bí 42. Wáyà tí a fi ń so gílóòbù kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe tèmi lo wáyà tín-ín-rín, òórùn rọ́bà tó ń jóná ló jí mi lójú oorun. Tan ínfátà rẹ pẹ̀lú ohun gbogbo tí ò ń lò fún ìṣẹ́jú 20, kí o wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara wáyà láti orí bátìrì dé ìdí ínfátà. Bí ó bá gbóná débi pé ọwọ́ rẹ kò lè dúró lórí rẹ̀, pa á lójú ẹsẹ̀, kí o má sì tún un tàn títí wọn yóò fi fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀.