Kí ẹ tó lé làálì sí èékánná yẹn

Àǹtí, ẹ kú ìrójú. Ẹ ní èékánná yín ń dá ihò wẹ́wẹ́, ẹ sì bèèrè bóyá ẹ lè lé làálì bò ó nítorí yìgì àbúrò yín. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ìkòkò ni mò ń mọ ní Dàda, l'Ókèlélé, n'Ílọrin. Psoriasis, àìsàn tó ń mú kí awọ ara máa bó, ló mú èékánná mi, ihò wẹ́wẹ́ náà ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ rúsúrúsú kan jáde bí ìgbà tí epo kán sábẹ́ èékánná, ló bá ṣí kúrò lára ẹran. Amọ̀ wá ń há sábẹ́ ẹ̀. Bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ amọ̀ láàárọ̀, omi á lé sí mi lójú. Dókítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá kò tilẹ̀ di ọwọ́ mi mú wò. Ó ní amọ̀ ló fà á, ó kọ oògùn làpálàpá èékánná fún mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé e mì, owó ìkòkò mi sì bá a lọ! Nọ́ọ̀sì kan tún ní kí n máa fi abẹ́rẹ́ ha nǹkan funfun tó kún abẹ́ ẹ̀. Mo ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ó burú sí i ni, torí ibi tí ẹ bá ti dá ọgbẹ́ sí ara ni psoriasis máa ń sáré lọ. Èékánná mẹ́fà bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí bóyá awọ mi ń bó níbòmíràn. Ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì sì ti ń bó láti ọjọ́ pípẹ́! Inú ṣì ń bí mi.

Dókítà awọ ara ló gé èékánná mi díẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọn ò rí fungus, èyí tó ń fa làpálàpá, rárá; psoriasis ni. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yẹn kí ẹ tó gbé oògùn mì. Ó fún mi ní ìpara, mò ń fi pa ìdí èékánná. Ẹ má lọ ra ìpara tí wọ́n pò l'Ójà-Ọba o. Ẹ sì ní sùúrù: èékánná ọwọ́ kì í hù ju bíi mìlímítà 3 lóṣù, ó tó oṣù 6 kó tó hù tán. Tẹsẹ̀ máa ń lé ní ọdún kan.

Ṣé oríkèé ìka yín ń le láàárọ̀, àbí ó ń wú? Ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Psoriasis tó dé èékánná lè wọ oríkèé, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ lè má padà bọ̀ sípò. Iṣẹ́ ni mo pe tèmi, ìka mi kan sì ti wọ́.

Làálì: ewé rẹ̀ lásán kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ rí èékánná náà, torí àwọ̀ làálì á bo ohun tó yẹ kó rí. Ẹ má lo dúdú tí wọ́n fi aró irun pò, ó máa ń bó èèyàn lára. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lẹ èékánná àtọwọ́dá mọ́ ọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i, tiyín ló máa bá a lọ.