Ráútà Méjì Lábẹ́ Òrùlé Kan: Ta Ni Yóò Máa Pín Ojúlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ilé alájà kan là ń gbé ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni ráútà wa wà, Wi-Fi rẹ̀ kì í dé yàrá mi lókè. Mo bá ra òmíràn, mo fa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, mo so méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ṣiṣẹ́ dáadáa. Àfìgbà tí iná lọ tó sì padà dé, gbogbo nǹkan dàrú. Fóònù ní òun ti wà lórí Wi-Fi, ṣùgbọ́n WhatsApp kò lọ, pírińtà kò dáhùn. Bí mo bá tẹ 192.168.1.1 kí n lè wo inú ráútà, nígbà mìíràn ti ìsàlẹ̀ ló ń yọjú, nígbà mìíràn ti òkè. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n dá a padà, kí n fowó kún un, kí n gba èyí tó lágbára jù ú lọ. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o, Bàbá. Ẹ má dá a padà rárá, kò sóhun tó ṣe ráútà yín. Bí ẹ tilẹ̀ ra èyí tó wọ́n ju èyí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, tí ẹ bá so ó bí ẹ ṣe so èyí, ohun kan náà ni ojú yín á tún rí.

Ìlà tí ẹ fi parí àlàyé yín, pé ti ìsàlẹ̀ ń yọjú, ti òkè ń yọjú, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Gbogbo ohun tó bá wọ Wi-Fi ilé yín ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní ojúlé ládùúgbò. Ráútà fúnra rẹ̀ ní ojúlé, òun náà ló sì ń pín ojúlé fún àwọn yòókù. Bí fóònù bá ṣe wọlé ni yóò béèrè pé níbo ni kí òun jókòó sí. Ráútà á ní: "Bọ́ sí 192.168.1.104. Èmi wà ní 192.168.1.1, ọ̀dọ̀ mi ni kí o máa gbé ohun tó bá ń lọ síta wá." Iṣẹ́ pípín yìí ni wọ́n ń pè ní DHCP. Àwọn tó ṣe ráútà kejì yín náà ti gbé e sí 192.168.1.1 kí wọ́n tó dì í sínú páálí, wọ́n sì ti tan DHCP rẹ̀ sílẹ̀, torí wọ́n rò pé òun nìkan ni yóò wà nílé ẹni tó bá rà á. Ojúlé kan ṣoṣo wá ni onílé méjì ń pè ní tiwọn, tí àwọn méjèèjì sì tún ń gba àlejò.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí ti aládùúgbò yín, tó ṣeé ṣe kó máa jẹ́ 192.168.1.1 náà, kò fi bá tiyín jà. Láti oṣù kejì ọdún 1996, nínú ìwé kan tí wọ́n pè ní RFC 1918, ni àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ti ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún inú ilé àti inú ọ́fíìsì: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, àwọn tó wà láàárín 172.16 sí 172.31, àti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Ẹnikẹ́ni ló lè lò wọ́n láìtọrọ àyè, torí wọn kì í jáde sí ìgboro. Ògiri ilé yín ni wọ́n mọ. Inú ògiri náà ni nọ́ńbà kan kò ti gbọdọ̀ di ti ẹni méjì.

Kí ló wá dé tó fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì? Fóònù yín àti pírińtà ti gba ojúlé lọ́wọ́ ti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé ráútà kejì wọlé, wọ́n sì ti mọ ọ̀nà. Nígbà tí iná lọ tó dé, gbogbo wọn tún béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé ráútà òkè ló kọ́kọ́ jí, òun ló sì ń pín. Fóònù gba ojúlé, inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun ti wà lórí Wi-Fi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kó máa gbé ẹrù wá sọ́dọ̀ òun kò ní ọ̀nà síta rárá.

Ohun tí mo ń sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ lójú mi, nílé ìyá mi l'Abẹ́òkúta. Odindi ọjọ́ Sátidé kan ni mo fi ń pe àwọn tó ń ta dátà fún wa, tí mo ń bínú sí wọn. Nírọ̀lẹ́, mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo tẹ cmd, fèrèsé dúdú yẹn yọ, mo kọ arp -a sí i. Ó to gbogbo ojúlé tó mọ̀ sílẹ̀, ó sì kọ àmì ara ẹ̀rọ tó ń gbé ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá tí wọ́n kọ ní méjì méjì. Mo wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 192.168.1.1. Mo yí ráútà pálọ̀ dojú dé, mo ka àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kò bára mu. Mo gun òkè lọ, mo yí ti òkè náà dojú dé. Òun gan-an ni, méjìlá pé méjìlá. Láti ìgbà náà, ìdí ráútà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó pe ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tó kù fún yín kò gba wákàtí kan. Ẹ yọ wáyà tó so méjèèjì pọ̀, kí ẹ pa ti ìsàlẹ̀. Ẹ wọ inú Wi-Fi ti òkè nìkan, tàbí kí ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, èyí ló dá mi lójú jù. Orúkọ àti pàsíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún Wi-Fi rẹ̀ ní orúkọ àti pàsíwọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, kí fóònù lè máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ LAN sí, ìyẹn ètò inú ilé, ẹ yí 192.168.1.1 padà sí 192.168.1.2, ẹ tẹ Save. Yóò pa ara rẹ̀, yóò tan padà. Ẹ̀yin náà ẹ tún wọlé, ṣùgbọ́n 192.168.1.2 ni ẹ máa tẹ̀ báyìí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá DHCP Server, kí ẹ pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ètò yìí po. Bí ẹ bá pa DHCP ṣáájú, láptọ́ọ̀pù lè bá ara rẹ̀ láìní ojúlé, kó wá fún ara rẹ̀ ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ ò sì ní rí inú ráútà náà wọ̀ mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ Reset sí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ti ìsàlẹ̀. Ẹ pa ti òkè ná, kí ẹ tan ti ìsàlẹ̀, kí ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tí DHCP rẹ̀ ń pín. Bó bá jẹ́ láti 2 dé 254 ló ń pín, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò fún fóònù àlejò kan ní 192.168.1.2 tí ẹ ti fún ráútà òkè. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti 100 títí dé 199. Láti 3 dé 99 á wá ṣófo fún àwọn ohun tí kò yẹ kó máa ṣí kiri. Pírińtà yín ni mo ń rò. Ẹ fún un ní 192.168.1.10, kó jókòó síbẹ̀.

Ẹ wá dá wáyà padà. Ihò LAN ti ìsàlẹ̀ sí ihò LAN ti òkè. Ihò WAN ti òkè, èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé láti ìta, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ Access Point Mode sí nínú ráútà náà, ẹ kàn yan ìyẹn, fúnra rẹ̀ ló máa pa DHCP. Ti ìkànnì Wi-Fi (Channel) kò le: fi ọ̀kan sí 1, fi èkejì sí 6 tàbí 11, kí wọ́n má baà máa sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe bíi NEPA. Ẹ pa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi swíìsì, kí ẹ tan wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fóònù bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta léra, ó ti parí. Ẹ fi bírò kọ 192.168.1.2 sórí pílásítà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ráútà òkè, torí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di irọ́.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kí àwọn ayálégbé mi máa lo íntánẹ́ẹ̀tì wa, àmọ́ n kò fẹ́ kí wọ́n máa rí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìṣirò ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní kí n ra ráútà kejì fún wọn, kí n fa wáyà láti ara ti àkọ́kọ́ wọ ihò WAN rẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn? *Olùkàwé, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Wáyà náà tọ́, Mà, ẹni tí ẹ fẹ́ gbé e fún ni kò tọ́. Bí wáyà bá gba WAN wọlé, ráútà kejì á dá àdúgbò tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọgbà ráútà àkọ́kọ́ kọjá kó tó jáde, nítorí náà ó lè wo gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà yẹn. Ẹni tó wà nínú ọgbà àkọ́kọ́ kò sì lè wo ẹ̀yìn ráútà kejì. Bí ẹ bá fi kejì fún ayálégbé, ẹ̀yin ni ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ bọ́ sẹ́yìn ráútà kejì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yín, kí àwọn máa lo àkọ́kọ́. Kí ẹ yí pàsíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú àkọ́kọ́ padà pẹ̀lú.

DHCP méjèèjì lè wà ní títàn níbí, torí àdúgbò méjì ni. Ṣùgbọ́n kí àdúgbò méjèèjì má jọra: bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ gbé kejì sí 192.168.2.1. Bí wọ́n bá jọra, ráútà kejì kò ní mọ̀ bóyá iwájú tàbí ẹ̀yìn ni ojúlé tí ẹ dárúkọ wà. Bí ẹ bá ní kámẹ́rà tí ẹ máa ń wò láti ìta, ó lè fún yín ní wàhálà lẹ́yìn ráútà méjì. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lórí àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Ráútà onísíìmù méjì ni mo ní, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n 192.168.8.1 ni wọ́n kọ sí ìdí méjèèjì. Ṣé wọn ò ní bára wọn jà? *Olùkàwé, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Wọn ò ní jà, bí ẹ kò bá ti fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, inú ọ̀kan ni fóònù yín sì máa ń wà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kàn má fún Wi-Fi méjèèjì lórúkọ kan náà. Fóònù á máa fò láti ọ̀kan sí èkejì láìsọ fún yín, ìpè tí ẹ bá ń ṣe á já, dátà síìmù tí ẹ fẹ́ tọ́jú á sì máa jó.