Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ̀n Tó sì Ń Kú Lójijì

Ìbéèrè: Mò ń ṣe fépù (sìgá oníbátìrì) kan tó ń gbọ̀n bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, ó ń fa 80 mA ní 3 V. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, nígbà míì á kàn pa, á tún tàn fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ó. Gbígbọ̀n 0.1 sẹ́kọ́ǹdù ń jẹ 3 × 0.08 × 0.1, ìyẹn joule 0.024 péré. Kọ́ìlì 10 W, ìyẹn wáyà tó ń gbóná láti sọ omi fépù di èéfín, ń jẹ iye yẹn kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, kì í ṣe mọ́tò ló ń jẹ bátìrì tán. Ẹ wọn iná tí fépù náà ń fà nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ 1 mA péré, 24 mAh ti lọ nínú bátìrì lójúmọ́.

Ti pípa lójijì yẹn, ó jọ pé mọ́tò àti kọ́ìlì ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ni. Fólítéèjì á já wálẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò gbọ̀n tán kí kọ́ìlì tó gbóná. Ẹ fi kapásítọ̀ 10 µF (tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) sí ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ náà, kí ẹ sì fi dáyódù (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) dábùú mọ́tò, kí iná tó ń ta padà má ba tiransísítọ̀ tó ń tan mọ́tò jẹ́.

Ẹ má fi fóòmù sábẹ́ mọ́tò o! Fóòmù náà ni yóò gba gbígbọ̀n náà, ọwọ́ kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ lẹ mọ́tò náà mọ́ ara líle fépù náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó mú ṣáṣá, LRA (mọ́tò tó ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn dípò kó máa yí) ló dára jù, àmọ́ iye ìgbà tó fẹ́ràn láti gbọ̀n, bíi 175 Hz (ìgbà 175 ní sẹ́kọ́ǹdù kan), máa ń yí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é mọ́lẹ̀. Ẹ lo díráfà (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí mọ́tò) tó lè wá iye ìgbà náà rí fúnra rẹ̀.