Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n yọ bátìrì dùùrù yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìjọ o. Ẹ ní dùùrù oníná Yamaha DX7 tí ìjọ yín rà láyé ọjọ́un wà nínú yàrá ẹrù ní Mọ́pà, pé ìgbìmọ̀ fẹ́ kun ún lọ́dà, kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e síta lọ́jọ́ àjọ̀dún ìjọ. Ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bátìrì yẹn ná.

Ní 1983 ni DX7 jáde. Ohùn 32 ló ń gbé inú rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi ti kásẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ni wọ́n, tó ń sọ bí orísun ìró mẹ́fà inú ẹ̀rọ náà yóò ṣe máa darí ara wọn. Bátìrì CR2032 kan báyìí, fóltì 3, tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ló ń di àwọn nọ́ńbà náà mú nígbà tí a bá paná. Bí bátìrì yẹn bá kúrò, gbogbo wọn lọ nìyẹn.

Àwọn ohùn tó bá a wá láti Japan kò bà mí lẹ́rù, torí wọ́n wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ẹni tó ń tẹ dùùrù yín fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni kò sí níbòmíràn láyé.

Mo ti rí i ní ìjọ kan ní Ìjùmú. Wọ́n lẹ pílásítà funfun sókè àwọn bọ́tìnnì, wọ́n fi báírò kọ ọ́ sí i: Ìkórè, Ìsìnkú, Fèrè, Ìyìn. Baba tó ń tẹ̀ ẹ́ ló tún àwọn ohùn náà ṣe kí wọ́n lè bá ohùn àwọn ìyá akọrin mu. Ẹni tí wọ́n pè wá tún un ṣe kò béèrè nǹkan kan tó fi yọ bátìrì. Nígbà tí mo débẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì Ìsìnkú, ariwo tí kò lórí tí kò nídìí ló jáde. Baba náà ti sùn nínú Olúwa. Kásẹ́ẹ̀tì ìkórè kan ló kù, ìlù àti àtẹ́wọ́ sì ti bo dùùrù mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, kí ẹ tó tanná sí i, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ya àwòrán ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti fóltì rẹ̀ sí. Ti Japan jẹ́ fóltì 100, ti Amẹ́ríkà 120, tiwa ní Nàìjíríà 230. Èyí tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Japan tàbí Amẹ́ríkà, tí ẹ bá kì í bọ iná wa láìsí tiransifọ́mà, ó di èéfín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná dáadáa ṣí i, kó gbọn eruku ọyẹ́ àti ìtẹ́ eku kúrò, kó sì fi gílóòbù onítanná pupa, irú ti àtijọ́, sáàárín iná àti ẹ̀rọ nígbà àkọ́kọ́. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ rekete tí kò rọlẹ̀, nǹkan ti gan nínú rẹ̀, kí ó yára paná. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò dán an wò rárá.

Tó bá ti jí, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó. Ẹ fi wáyà MIDI, èyí tó ń gbé nọ́ńbà láàárín dùùrù àti kọ̀ǹpútà, so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Function, ẹ yí SYS INFO sí AVAIL, kí ẹ sì dáhùn YES nígbà tó bá béèrè MIDI TRANSMIT. Fáìlì tí yóò jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ 4104 bytes gééré. Tó bá dín, kò pé. Àwọn wáyà MIDI olówó pọ́ọ́kú máa ń gé e lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ má gbà á gbọ́ àyàfi tí ẹ bá ṣí i nínú Dexed, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dún bíi DX7, ọ̀fẹ́ ni, tí ẹ sì gbọ́ ọ pẹ̀lú etí yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wá yọ bátìrì, kí wọ́n sì jó ilé bátìrì kékeré síbẹ̀, kí ẹni tó bá máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú má nílò irin gbígbóná mọ́.

Tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ṣì wà láyé, ẹ gbé e jókòó sídìí rẹ̀ kíákíá. Kí ó tẹ àwọn orin tí ẹ̀ ń kọ nígbà yẹn, kí ó sì máa ṣàlàyé ní èdè Yàgbà bó ṣe ń sọ ọ́ nílé: ta ló rà á, ta ló kọ́ ọ, kí ló dé tó yí ohùn kan padà. Láti ihò OUTPUT ni kí ẹ ti gba ohùn dùùrù, kì í ṣe fóònù níwájú sípíkà, WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù, ni kẹ́ ẹ sì lò.

Ní ti ọ̀dà, ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ pé rárá. Aṣọ tútù díẹ̀ tó. Bí pílásítà tàbí ìwé báírò bá wà lára rẹ̀, kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Ẹ fi àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ní wáyà MIDI tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbí ní Kàbà, mo lè gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé.