Ìpè ẹgbẹ́ òṣèlú kò jẹ́ kí àbúrò mi sinmi

Ìbéèrè: Àbúrò mi ń gbé ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Bí ìbò bá ti ń bọ̀, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ atọrọ-owó kì í dáwọ́ dúró. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé òun kò fẹ́ ìpè ìpolówó. Kí ló dé? Ìyá Ìbejì, Kétu.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Àwọn oníṣòwò ni òfin ìforúkọsílẹ̀ yẹn dè, kò de ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó bí mi nínú gan-an! Ìpínlẹ̀ àbúrò yín tún le: ìbò aṣojú (ìbò àwọn tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yàn láti bá a dìbò yan ààrẹ) 19 ló ní ní 2024, olùdíje sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 270 kó tó di ààrẹ, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń jà lé e lórí. Kó fi STOP fèsì sí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Kó má sì fowó ránṣẹ́ láti ibẹ̀ o. Àwọn gbájúẹ̀ náà ń forúkọ olùdíje bojú.