Converter 55 amp, kí ló dé tí bátìrì ń gba 9 péré?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ RV (ọkọ̀ tó dà bí ilé, tí èèyàn lè gbé inú rẹ̀) àlòkù tí mo rà ní Texas ní converter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di iná bátìrì, tí wọ́n kọ 55 amp sí lára. Bátìrì olómi 6 volt méjì ni mo so tẹ̀léra kí wọ́n lè di 12 volt. Tí mo bá so ọkọ̀ mọ́ iná, 28 amp ló ń kọ́kọ́ wọ bátìrì. Kò ní pẹ́ tí á já sí 9. Ṣé converter ti ń kú lọ ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè má ní àrùn kankan. Converter kì í rọ bátìrì ní amp bí ìyá ṣe ń rọ ọmọ ní àgbo. Volt, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ, ló ń dì mú. Bátìrì ló ń fa iye amp tó lè gbà, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn. Òpin ni 55 yẹn: bí wọ́n bá fẹ́ fà jù bẹ́ẹ̀ lọ, converter á sọ volt kalẹ̀. Iná inú ọkọ̀ àti pọ́ǹpù omi sì ń jẹ nínú 55 ọ̀hún.

Bí bátìrì bá ṣe ń kún ni volt tirẹ̀ ń gòkè, tó ń sún mọ́ ti converter, bẹ́ẹ̀ ni amp ń dín. Ìdí nìyẹn tí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tó kẹ́yìn fi ń jẹ ọ̀pọ̀ wákàtí.

Converter onípele ìgbàlódé máa ń gun 14.4 volt tí bátìrì bá ṣófo, á sọ̀ sí 13.6, á sì wá sí 13.2 tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan fún ọjọ́ díẹ̀, kí omi bátìrì má baà gbẹ.

Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí 28 amp ń wọlé, ẹ fi míítà wọn volt lẹ́nu converter, kí ẹ tún wọn ọ́n lórí bátìrì gan-an. Wáyà nọ́ńbà 8 tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, 40 ní lílọ bíbọ̀, á jẹ 0.7 volt: 14.4 tó jáde á dé bátìrì ní 13.7. Nọ́ńbà 4, tó nípọn ju 8 lọ, kò ní jẹ tó 0.3. Ẹ wo nọ́ọ̀tì tó de wáyà nẹ́gátíìfù mọ́ irin ọkọ̀ náà. Ó máa ń dípẹtà.

Bó bá jẹ́ pé 13.6 lẹ ń rí lẹ́nu converter nígbà tí bátìrì ṣófo, kò gun ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹjọ́ wá di tirẹ̀. Bí kò bá sì sí volt rárá, ẹ yẹ àwọn fíùsì iwájú rẹ̀ wò: wọ́n máa ń jó tí ẹnì kan bá so bátìrì lódì.

Tí bátìrì lithium bá wà lọ́kàn yín, ẹ pààrọ̀ wáyà ṣáájú. Lithium kì í tètè kọ amp. Á fa 55 náà fún wákàtí mélòó kan, wáyà nọ́ńbà 8 á sì gbóná.